Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Nọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ó tó dé ọwọ́ yín, wọ́n lè ti so mí rọ̀. Adájọ́ ti sọ tirẹ̀, ìjọba kò sì dá ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ lóhùn. Bí mo bá na ọwọ́ méjèèjì nínú yàrá yìí, ògiri ni mo ń fi kàn lọ́tùn-ún lósì. Ìdájí ni wọ́n máa ń wá mú ẹni tí ó kàn. Wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀kùn irin: kó, kó, kó. Ariwo kékeré yẹn ni mo ń bá sùn, òun ni mo ń bá jí. Nítorí ariwo tí ó jọ ọ́ ni mo ṣe pa ènìyàn.

Dírẹ́bà ni mí ní Dùgbẹ̀. Bàbá Aládùúrà kan wà ní Bódìjà, akọ̀wé rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ tí ń gbé Jámánì fi ọkọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí àwọn olówó ń gùn. Awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, o lè rò pé ó ti kú, torí kì í pariwo rárá. Bàbá kò mọ ọkọ̀ wà, ó bá ní kí n gbà á ní háyà, kí n máa fi gbé ìyàwó àti àwọn èèyàn ńlá, kí n máa mú owó wá ní Sátidé Sátidé. Owó háyà ọ̀hún ga ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ, nítorí ọkọ̀ kékeré olówó ńlá ni. Ṣùgbọ́n Bàbá fi àánú kún un.

“Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sùn sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọmọ mi, mi ò ní kà á sí ẹ lọ́rùn.”

Gbólóhùn yẹn ni mo fi ba ayé mi jẹ́.

Ní Sátidé kan, mo ti yọ nínú owó náà fi ra bàtà funfun. Mo fajú ro dé iwájú Bàbá.

“Bàbá, ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Ọjọ́ méjì ló fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.”

“Háà! Ṣé kò ní bà jẹ́ báyìí?”

“Ẹ má fòyà, sà. Ọkọ̀ Jámánì kì í kú bọ̀rọ̀.”

Irọ́ ni. Ring Road ni mo wà lọ́jọ́ méjèèjì, mo ń gbé agbaṣẹ́ṣe kan kiri. Bàbá yọ owó ọjọ́ méjì kúrò, mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì aláìlẹ́ṣẹ̀ yẹn kì í ṣàìsàn. Lónìí á gbóná, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á máa mu ọ́ìlì, lẹ́yìn ìyẹn rédíétọ̀ á jò. Bàbá wọ́n omi àdúrà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ háúháú.

“Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbà fún ẹ́ńjìnnì yẹn,” ni ó wí. “Olúwa á wò ó sàn.”

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kò tì mí tó kí n jẹ́wọ́.

Ní Ọjọ́ Ẹtì kan, mò ń bọ̀ láti Challenge, ni mo bá gbọ́ ọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: kó, kó, kó. Mo dúró sẹ́bàá títì. Dírẹ́bà wo ni kò mọ ohùn yẹn? Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe! Náírà ti ń já wálẹ̀ nígbà náà. Iye tí wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì Jámánì kan, bí mo fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ láìjẹun, n kò lè rí i kó jọ. Bí mo bá gbé e lọ bá mẹkáníìkì Bàbá, yóò ní òun kò fojú kan ọkọ̀ náà rí. Bí mo bá sọ fún Bàbá, yóò ní ta ni ó ti ń tún un ṣe láti oṣù mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Jámánì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ti fi irọ́ kọ́ ilé, n kò rí ilẹ̀kùn tí n óò bá jáde.

Mo wá rántí Múfú. Dírẹ́bà dókítà kan ni, irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni ó ń wà. A jọ máa ń fọ ọkọ̀ létí omi Ẹlẹ́yẹlé, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí tí ó mọ́ jù. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo gbé ọkọ̀ Bàbá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan ní Àgbowó tí kò mọ̀ mí. Mo ní ó ti nọ́ọ̀kì, mò ń wá ẹ́ńjìnnì lọ. Ní ọ̀sán gangan, mo bá Múfú létí omi, òun nìkan.

“Múfú, yá mi ní ọkọ̀ yìí di ìrọ̀lẹ́.”

“Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí ọ̀gá lé mi níṣẹ́ ni?”

“Mo ní kí o mú kọ́kọ́rọ́ wá!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń fún aṣọ tí ó fi ń nu ọkọ̀. Mo mú wíìlì sípánà nílẹ̀, mo là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rántí. Ní kóòtù, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni.

Mo wa ọkọ̀ Múfú dé Àgbowó. Mo ní kí mẹkáníìkì yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó gbé e sínú ti Bàbá. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ta ló sọ fún ẹ pé tọ̀hún nọ́ọ̀kì?”

“Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ, sà.”

“Ìwọ náà di mẹkáníìkì? Bóòtù tó di púlì mú níwájú ẹ́ńjìnnì ló tú, òun ló ń kan irin. Mo ti dì í, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Ó ṣíná sí ọkọ̀ Bàbá. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ bí ọjọ́ tí ó ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀kalẹ̀. Mo wò ó títí, mo bú sẹ́kún. Mẹkáníìkì wo ilẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Kí ló pọ́n lára bàtà funfun ẹ yẹn?”

N kò lè sá. Mẹkáníìkì ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti wá bá mi.

Bàbá wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó di irin mú.

“Ọmọ mi, ìbéèrè kan ni mo bá wá. Nígbà tí mo gbààwẹ̀ yẹn, ṣé ó ń gbóná lóòótọ́?”

“Rárá, sà.”

Ó jọ̀wọ́ irin náà. “Ìwọ ni ǹ bá gba ààwẹ̀ yẹn fún,” ni ó wí, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má tọ ipasẹ̀ mi. Kì í ṣe ìpànìyàn ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ohun tí ara rẹ̀ le ni mo kọ́kọ́ ń pè ní aláìsàn. Bí ẹ bá ti parọ́, ẹ sáré lọ jẹ́wọ́ nígbà tí ó ṣì jẹ́ irọ́ ọjọ́ méjì. Bàbá ìbá bínú sí mi, ìbá gba ọkọ̀ rẹ̀, Múfú ìbá sì máa fọ ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lónìí. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lára irin, kó, kó, kó, kò sì sí sípánà tí ó lè mú èyí dákẹ́.