Èmi Ni Mo Gé Fọ́tò Màámi, Kì Í Ṣe Múlíkà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bínú pé mi ò ní dárúkọ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti di ẹrù sí mi láyà, ó sì ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí. Mi ò lè gbé e mọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ẹbí wa yóò pé jọ sílé àbúrò mi ní Agége, ẹni tí yóò sì kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níbẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi.

Ìbejì ni màámi, àwọn ni Kẹ́hìndé. Táíwò, èkejì wọn, kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo àwa ọmọ la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í béèrè nípa rẹ̀, torí ojú wọn máa ń yí padà tí a bá ti dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ganíyù, àbúrò mi ọkùnrin, ni wọ́n ń gbé. Múlíkà ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú wọn. Kí n má parọ́, ó ń tọ́jú wọn ju èmi tí wọ́n bí lọ.

Nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ojú màámi ń lọ díẹ̀díẹ̀, a pinnu pé ká kó gbogbo fọ́tò àtijọ́ ilé wa sínú kọ̀ǹpútà. A fẹ́ máa fi àwọn fọ́tò náà han màámi ní gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa sọ fún wa ta ni ta ni, kí ìtàn ìdílé wa má baà bá ojú wọn lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú, mo sì gbà pé kò sí ẹ̀rọ tí mi ò lè lò.

Èmi àti Ganíyù jọ lọ ra skánà ní Computer Village. Oríṣi méjì ni ọmọkùnrin tó ń tà á gbé síwájú wa. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní ìdérí. Èèyàn á tẹ́ fọ́tò sínú rẹ̀, á pa á dé, á sì dúró títí yóò fi ṣe tán. Èkejì kéré, ó ní ẹnu tóóró. Tí èèyàn bá ti ki fọ́tò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á gbé e mì, á sì tu ú jáde lẹ́yìn.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká mú eléyìí tó ní ìdérí," Ganíyù ní. "Fọ́tò àtijọ́ ni o. Kò yẹ ká máa fi rọ́là fà á."

"Brother sọ òótọ́," ọmọkùnrin náà fèsì. "Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ speed lẹ fẹ́, Mummy, kékeré yìí sharp gan-an. Ẹ kàn máa kì í bọ̀ ọ́ ni."

Èmi rèé, ara mi kì í gba ìdúró. Láti kékeré ni màámi ti máa ń sọ pé èmi ni mo máa ń sọ ẹ̀wà kalẹ̀ lórí iná kó tó jinná. Mo ti ń ro bí màá ṣe gbé skánà kékeré yẹn sínú báàgì, tí màá sì parí iṣẹ́ náà ní àkókò ìsinmi ọ̀sán ní ọ́fíìsì. Mo bi Ganíyù pé ṣé òun ni yóò lò ó ni àbí èmi. Kékeré la rà.

Màámi fúnra wọn ló kó àwọn fọ́tò sínú àpò ìwé fún mi. Èyí tí wọ́n fi ṣe ìkẹyìn, abẹ́ aṣọ nínú àpótí ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, fojú sí eléyìí fún mi o." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀, torí mo ń kánjú àtilọ sílé.

Ní ọ́fíìsì, àwọn fọ́tò kéékèèké wọlé, wọ́n jáde, kò sí wàhálà. Nígbà tó kan eléyìí, mo rí i pé ó fẹ̀ ju ẹnu ẹ̀rọ náà lọ. Ọmọbìnrin kékeré méjì ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀, aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Mo gbé e sún mọ́ ojú. Ẹ̀yin ará, àpá kan wà lókè ojú màámi tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ló ní àpá yẹn.

Ẹ wo bí mo ṣe rò ó. Mo ti gbọ́ rí pé Táíwò kú láìya fọ́tò kankan. Mo wá ní a jẹ́ pé màámi nìkan nìyí, ayàfọ́tò ló kàn tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ọ̀kan ti tó. Mo lè pe màámi kí n bi wọ́n. Mo sì lè lọ pààrọ̀ skánà náà, ṣùgbọ́n Ganíyù yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé fọ́tò náà sí méjì láàárín gbùngbùn. Ẹ̀rọ gba ìdajì kan, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere. Mo ju ìdajì kejì sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, àwọn tó ń gbálẹ̀ sì kó o lọ.

Nígbà tí mo dé Agége, màámi wà lórí ìrun. Mo fa àpò ìwé náà lé Múlíkà lọ́wọ́ pé kó fún wọn, mo sì yára jáde. Ìdajì tó kù wà nínú báàgì mi. Mo ní màá lọ tẹ̀ ẹ́ kó tóbi, màá fi férémù sí i, inú wọn á sì dùn.

Mi ò tíì dé ilé mi tí fóònù mi fi dún. Màámi ni.

"Ìbejì mi dà?" wọ́n ní. "Fọ́tò èmi àti Táíwò, mi ò rí i."

Mo ní, "Táíwò kẹ̀, mà?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ ohun tí wọn kò sọ fún wa rí. Nígbà tí Táíwò kú, ìyá wọn ń sunkún pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láé pé ọmọ méjì lòún bí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú wa nígbà náà, wọ́n pọn Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ ayàfọ́tò. Ó yà á gẹ́gẹ́ bí Kẹ́hìndé. Lẹ́yìn náà ni ìyá wọn ní kó dìde, kó lọ jókòó sápá kejì, kó bá òun jókòó fún Táíwò. Ayàfọ́tò sì so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Màámi ní láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn máa ń ṣí aṣọ funfun yẹn, àwọn á sì kí èkejì àwọn.

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ lo kó wá?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ni mo kó fún Múlíkà, mà."

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ ọ bó ṣe fọ́. Nígbà tí Ganíyù béèrè bóyá fọ́tò náà wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, mo ní mi ò tíì dé orí rẹ̀.

Múlíkà tú ilé yẹn palẹ̀. Ó yẹ abẹ́ ẹní, ó yẹ ẹ̀yìn fíríìjì, ó fọwọ́ tú ìdọ̀tí. Màámi kò sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó wọ yàrá wọn mọ́. Oúnjẹ rẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì gbé e tì. Ganíyù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú aláìbìkítà wò ó. Mo ń rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Múlíkà wá bá mi nílé ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ti rù.

"Àǹtí, mo ti rò ó rò ó," ó ní. "Bóyá èmi ni mo sọ ọ́ nù lóòótọ́, tí mi ò mọ̀. Mo máa kúnlẹ̀ fún màámi níwájú gbogbo ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́."

Mo gbé omi fún un. Mo ní màá bá a bẹ̀ wọ́n. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá Múlíkà kí Àìkú tó dé, àbí kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí? Mo mọ̀ pé ó lè ba àárín èmi àti Ganíyù jẹ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Màámi ni ẹ̀rù wọn ń bà mí. Mo fẹ́ gbé ìdajì tó kù lọ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ibi tí wọ́n ti jókòó fún ara wọn ni, àbí ibi tí wọ́n ti jókòó fún Táíwò. Àwọn nìkan ló lè wò ó kí wọ́n mọ̀, ojú wọn kò sì ríran mọ́. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, tí wọ́n fọwọ́ pa etí ibi tí mo gé, tí wọ́n wá bi mí pé, "Èwo nínú wa lo jù nù?", ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?