Èmi Ni Mo Ń Wa Mọ́tò Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ pé jọ sí pálọ̀ yìí, ẹ má bá ọmọ yìí wí mọ́. Ọ̀rọ̀ ti kún mi nínú, bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, ikùn mi á bẹ́. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ, ti ìyá ìyá rẹ̀ ni.

Àbígbẹ̀yìn mi tó bí i, ilé ìfọṣọ ló ti ń lọ aṣọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé, tòun ti òórùn sítáàṣì lára. Ó ní, "Màámi, bó bá ti ilé ìwé dé, kó kàwé sókè sí yín létí. Bó bá kà á tán, ẹ bá mi buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ àmúrelé kí tíṣà lè rí i. Ìgbà yẹn ló tó lè gbá géèmù." Mo ní kò burú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi ṣe olóòótọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ní kó jẹ́ n tọ́ géèmù náà wò. Eré ìje mọ́tò ni. Èmi tí n kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé! Bí mọ́tò bá yà, gbogbo ara mi á yà tẹ̀ lé e, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmá àgbà, ọwọ́ lẹ máa fi yí i, kì í ṣe ìdí!" Mo bá fi orin sí i:

Mọ́tò mi, má já sígbó,
Ẹni tó ń wà ọ́ ti darúgbó,
Orúnkún ló ń dùn ún,
Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì rẹ̀ o!

Bó ṣe di pé kí ọmọ tó bọ́ bàtà, mo ti di páàdì tí wọ́n fi ń yí mọ́tò mú nìyẹn. Bó bá gbé ìwé, mo máa ń ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ n kọjá onímọ́tò pupa yìí ná." Onímọ́tò pupa kò jẹ́ n kọjá. Bí ìyá rẹ̀ bá kù díẹ̀ kó dé, èmi àgbàyà á buwọ́ lu ìwé tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kà. Oṣù mẹ́ta gbáko!

Èsì ìdánwò dé. Ọmọ tó ń ṣe ipò kẹta di ẹni kejìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Ó ń ṣe mí bíi kí n béèrè bóyá ìyá àgbà àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ń wa mọ́tò. Tíṣà ní kó tún kíláàsì kà. Ìyá rẹ̀ figbe ta: "Ìwé tí Màámi ń buwọ́ lù lójoojúmọ́ ńkọ́?"

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo ń gbá géèmù. Màmá àgbà ti máa ń sùn." Èyí tó burú jù nìyí: mo mirí, mo ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Wọn kì í gbọ́ràn." Ọmọ wọ yàrá lọ, ó ń sunkún.

Àbígbẹ̀yìn mi, mú mi dání lọ sílé ìwé lọ́la. N ó jẹ́wọ́ fún tíṣà, n ó bẹ̀ ẹ́ kó tún dán an wò lẹ́yìn ọlidé. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń kàwé sí mi létí ní tòótọ́. Ibi tí kò bá yé mi, mo ní kó dúró ṣàlàyé. Lánàá, ó dúró lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ̀yin ló yẹ kó tún kíláàsì kà!"

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ìyá àgbà ẹgbẹ́ mi, ẹ má buwọ́ lu ohun tí etí yín kò gbọ́. Páàdì náà rèé, àbígbẹ̀yìn mi, gbà á. Má wulẹ̀ sọ ibi tí o máa gbé e pamọ́ sí fún mi.