Aṣọ Ìbílẹ̀ Wa

Ìsọ̀ télọ̀ kan ní Ripple Road, nílùú òyìnbó níbí, ni mo jókòó sí tí mò ń dúró kó kàn mí, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjì tó wà níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ àmúrelé ọmọ mi ló dójú tì mí. Ó ń kọ nípa Flanders ayé àtijọ́, ilẹ̀ kan tó lówó bí nǹkan míì ní òdìkejì òkun."

"Kí ló sọ wọ́n di olówó?"

"Aṣọ híhun ni. Àwọn òyìnbó ibí á kó irun àgùntàn lọ tà fún wọn, wọ́n á tún fi owó gọbọi ra aṣọ tí wọ́n fi irun náà hun. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín pé òyìnbó náà gọ̀ rí!"

"Òótọ́ kúkú ni."

"Ọmọ ní, 'Dádì, léèsì tẹ́ ẹ wọ̀ wá sí skúùlù wa lọ́jọ́ àṣà, ta ló hun ún?' Mo ní àwọn ará Austria ni. Bẹ́ẹ̀ èmi kan náà ni mo na apá níwájú kíláàsì, tí mo ní, 'Aṣọ ìbílẹ̀ wa nìyí!'"

Aṣọ ìbílẹ̀ wa! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibẹ̀ ni télọ̀ ti ké sí mi pé, "Màmá, ó kàn yín. Léèsì Austria yín dà?"