Ike Jafẹ́ẹ̀lì tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kí n sinmi. Ìsinmi mi ò jìnnà mọ́. Dókítà ti sọ ọ́ fún Basile ọmọ mi lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Òtítọ́ kan wà tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kò sì dà nínú mi títí dòní. Mi ò fẹ́ gbé e wọlẹ̀ lọ. Bàbá Léonce, ẹ̀yin lẹ dá Ilé Ológbò sílẹ̀ ní Pobè, ẹ gbọ́. Delphine, ìwọ tí a jọ ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ìwọ àtàwọn ọmọdé tó tẹ̀lé ọ wá, ẹ gbọ́. Océane, ọmọ mi, má tíì gbé àwo yẹn lọ sẹ́yìnkùlé. Tìrẹ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ mọ bí mo ṣe dé Ilé Ológbò. Gaàrí ni mò ń tà ní Sakété níbí, eku sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí òwò, títí Bàbá Léonce fi fún mi ní ológbò kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ sè é jẹ. Kí oṣù tó pé, eku ti kó ẹrù wọn. Mo ní kí n lọ dúpẹ́, mo bá wọn gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì lè jáwọ́ mọ́. Àwọn ológbò tí wọ́n jù nù, àwọn tí pàkúté mú, a ń tọ́jú wọn, bí ara wọn bá yá, a ń fi wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ Ahoyéyé tí eku ń jẹ àgbàdo wọn nínú àká. Kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan fún wa. Benefọ́ọ̀lù ni Faransé ń pè wá. Lédè tiwa, ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méje ni mo fi ṣe é. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ka oṣù rẹ̀? Ẹni tó ń ṣàánú kì í ka oṣù. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti Porto-Novo ní àwọn á máa san owó oṣù fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí yóò máa wà níbẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́, tí yóò sì máa kọ ìwé ológbò kọ̀ọ̀kan lédè Faransé. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mo ní èmi ni. Mo tiẹ̀ ti sọ fún Yolande tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi pé kó bá mi yọ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé, Bàbá Léonce mú Océane yìí wá, ọmọdébìnrin ará Pobè kan tó ní dìplọ́mù ìtọ́jú ẹranko. Bàbá ní, "Ìyá Basile, iṣẹ́ tiyín ò níye. Ẹ bá mi fi gbogbo iṣẹ́ han ọmọ yìí." Mo rẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́. Àmọ́ orí alùpùpù tó ń gbé mi bọ̀ ní Sakété ni mo ti ń sunkún, títí ẹni tó ń wà á fi bi mí pé, "Ìyá, ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní eruku ni. Bí mo bá ti la ẹnu mi lọ́jọ́ náà pé, "Bàbá Léonce, èmi náà fẹ́ owó oṣù," ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ojú ló tì mí. Gbogbo ayé ti yìn mí pé mi ò wá owó, ìyìn náà sì ti di aṣọ lára mi. Mi ò lè bọ́ ọ lójú èèyàn.

Océane ò ṣẹ̀ mí o. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní Ìyá, kò sì sí ohun tí kì í béèrè. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi hàn án, àfi ẹyọ kan. Àwọn ológbò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Àwo tí wọ́n bá fi jẹun níbẹ̀, dandan ni ká rẹ ẹ́ sínú omi jafẹ́ẹ̀lì, omi olóòórùn líle tó ń pa kòkòrò àrùn, kí ó tó dé iwájú àwọn yòókù, nítorí àrùn ìgbẹ́ gbuuru kan wà tí ọṣẹ ò lè pa. Ọdún tí àrùn náà kọ́kọ́ jà ni dókítà ẹranko ti kọ́ wa. Delphine ò tíì dé nígbà náà. Èmi àti Bàbá Léonce nìkan la mọ̀ ọ́n, Bàbá sì ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú nígbà tí Océane dé. Lọ́jọ́ kan, Océane gbé ike jafẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá, kí la ń fi èyí ṣe?" Mo ní, "Ilẹ̀ la fi ń fọ̀." Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó sì dá a padà síbi tó wà. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tó fi ọṣẹ fọ àwo yàrá ọ̀tọ̀, ó fi omi ṣàn án dáadáa, ó fi aṣọ mímọ́ nù ún, ó gbé e lọ sí yàrá ńlá. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo sọ nínú mi pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ni kó mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ọ̀kan tàbí méjì ni yóò ṣàìsàn, kí ojú kàn lè tì í díẹ̀. Ẹ má dá mi láre níbẹ̀. Ẹni tó bá tiná bọ òrùlé kò lè ní apá kan lòún fẹ́ kó jó.

Ológbò mọ́kàndínlógún la ní. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, mọ́kànlá kú. Océane ń fi ṣíbí bu omi sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ológbò dúdú kan wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Ó sọ ọ́ ní Málọ, bí a ṣe ń sọ ọmọ tó fẹ́ padà lọ, ó gbé e sáyà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Málọ, jọ̀ọ́. Málọ, dúró tì mí." Nínú gbogbo àwọn tí àrùn náà mú, òun nìkan ló dúró. Nígbà tí mo rí ẹkún ọmọ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ àwo lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sin wọ́n sídìí ọgbà. Ó bi mí pé, "Ìyá, kí ni mo ṣe tí ò dáa?" Mo ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Èyí tó burú jù ló kù. Bàbá Léonce dé, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n bi wá bóyá a ń rẹ àwo sínú jafẹ́ẹ̀lì. Océane ní òun ò mọ̀ pé à ń rẹ ẹ́. Wọ́n yíjú sí mi: "Ìyá Basile, ẹ ò sọ fún un ni?" Mo ní, "Mo sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni." Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta? Irọ́ kan ò tó mi. Océane wojú mi. Kò bínú; ó ń wá ọ̀rọ̀ náà nínú ọpọlọ ara rẹ̀ ni, ó rò pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ní ẹ sọ ọ́, a jẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbọ́." Ó bẹ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bàbá Léonce wá ní kí n gba ipò náà. Mo ní, "Èmi kì í gbowó lórí àánú." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń dájọ́. Ẹsẹ̀ mi wú, èémí mi ò já geere mọ́, Basile wà ní Cotonou. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Océane gbé garawa wọlé. Ó ti ń ránṣọ ní Sakété níbí. Mo ní, "Ta ló rán ọ?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi, Ìyá. Ẹ kọ́ mi níṣẹ́, mo fi àìgbọ́ràn bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tọrọ àforíjì." Oṣù mẹ́jọ nìyí tó ti ń wẹ̀ mí, tó ń fún mi lóúnjẹ, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ológbò bá sún mọ́ ọn, á fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, á ní ọwọ́ òun ò sunwọ̀n fún ẹranko. Láràárọ̀, kó tó bu ẹ̀kọ sínú àwo mi, á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi jafẹ́ẹ̀lì. Mo ní, "Océane, èmi kì í ṣe ológbò." Ó ní, "Ìyá, mi ò tún ní gbàgbé mọ́." Òórùn omi yẹn ni mo fi ń jí. Ó ti gún mi lọ́kàn tó.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń yọ̀ǹda ara yín, bí ẹ bá fẹ́ owó, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ owó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e pamọ́ sábẹ́ àánú, yóò rà síbẹ̀, ẹlòmíì ni yóò sì pa. Bàbá Léonce, ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo sọ yìí, ẹ lọ sọ ọ́ ní gbangba ní Pobè, kí ẹ dárúkọ mi.

Océane, ìwọ ò gbàgbé nǹkan kan. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò tíì bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, nǹkan mìíràn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe. Delphine, ṣí agbọ̀n tí mo ní kí o gbé wá láti Pobè yẹn. Ọmọ mi, Málọ nìyẹn. Ọwọ́ tìrẹ ló mú un dúró. Gbé e. Àwo tí o mú lọ́wọ́ yẹn, sọ ọ́ kalẹ̀. Ó mọ́. Láti ọjọ́ yìí wá ló ti mọ́.