Ìyàwó Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa ní GRA, Ìlọrin, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ti dájọ́ fún mi. N kò gbọdọ̀ kọ kóòdù kọ̀ǹpútà tuntun kankan. Kóòdù àtijọ́ ni kí n máa tú wò, kí n máa wá ìdí tí a fi kọ ọ́. Ẹ̀wọ̀n mi nìyẹn, ó sì tọ́ sí mi.

Níṣẹ́ wa, gbogbo ẹjọ́ tí oníbàárà bá mú wá ló ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá tún kóòdù ṣe nítorí ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ àtúnṣe ọ̀hún, kí ẹni tó bá kà á lọ́la lè mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, alhaji kan tó ni gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ké sí wa pé ẹ̀rọ tí a ṣe fún un láti máa fi gba ọjọ́ ìnáwó ń gba ìdílé méjì sí ọjọ́ kan náà. Mo tún un ṣe kíá. Ṣùgbọ́n mo ń sáré lọ kírun, n kò kọ nọ́ńbà. "Mo ti tún un ṣe" nìkan ni mo kọ. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ló bá di bárakú.

Nígbà tó pẹ́, mo rí àwọn ìlà kan nínú kóòdù alhaji tí n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mo bi Àǹtí Ṣẹrífà, ọ̀gá wa:

"Àǹtí, ta ló kọ eléyìí?"

"Orúkọ tìẹ ló wà níbẹ̀. Kí lo kọ ọ́ fún?"

"Mi ò rántí mọ́."

"Má pa á rẹ́ o, àfi tóo bá mọ ìdí rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe yíjú báyìí, mo pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, alhaji pè wá: "Ẹ máa bọ̀! Ìyàwó méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Àǹtí fà mí dání. Ìyàwó méjì, ọkọ méjì, àáfáà méjì la bá níbẹ̀. Ìyá ìyàwó kan ń sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé àwọn ìlà tí mo pa rẹ́ ló ń dènà irú èyí. Àáfáà àgbà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí, ṣé láádá méjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lo fẹ́ ká gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni?"

Bí wọ́n ṣe so yìgì kan tán nìyẹn, tí wọ́n so èkejì. Kó tó di ìrun Àsárì, ìyá tó ń sunkún ti ń bu oúnjẹ fún ìyàwó ìdílé kejì.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, Àǹtí ní, "Àwọn dárí jì ẹ́. Èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ yàrá ẹ̀yìn lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ máa kọ nọ́ńbà náà, bó ti wù kí ẹ máa kánjú tó. Ohun tó yé yín lónìí lè má yé yín lọ́la. Àáfáà aláwàdà ló kọ́kọ́ dá èmi lóhùn. Ìyá ìyàwó tó ń sunkún ló lè kọ́kọ́ dá ẹ̀yin lóhùn.