Sìgá tí Mo Gbé Kalẹ̀ ní Ìlàjẹ

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ní kí wọ́n pè yín nítorí pé àyà tó ń dùn mí yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé òótọ́ wọ sàréè. Iná tó jó Ìlàjẹ wa létí ọ̀sà, lẹ́bàá Ṣómólú, nígbà ọyẹ́ ọdún 1954, tó pa Rẹ̀mí ọmọ Sabina, kì í ṣe inú ààrò ẹja Sabina ló ti ṣẹ̀. Èmi Japhet Ikúmápàyí ni mo dá a sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, ẹ sì mọ̀ pé tábà jẹ́ èèwọ̀ nínú ìjọ wa. Ṣùgbọ́n mo ní oníbàárà kan ní Ṣómólú, Ọ̀gbẹ́ni Moshood, akọ̀wé ní wáàfù, tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ó pè mí wọlé, ó tan sìgá ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi odidi ewé tábà ká, ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo fà á bí aláìmọ̀kan, mo wúkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Japhet, má gbé èéfín rẹ̀ mì. Jẹ́ kó dúró lẹ́nu rẹ díẹ̀ kí o tó fẹ́ ẹ jáde. Èyí kò le, kò ní ta ọ́ lọ́fun." Mo ṣe bó ti wí, mo sì rí adùn. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀pà tí wọ́n sun, lẹ́yìn náà ó ń ta sánsán bí pákó tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Nígbà tí mo ń lọ, ó fún mi ní ọ̀kan. Ó ní, "Tó o bá mu ún tán, má tẹ̀ ẹ́ pa, òórùn rẹ̀ á bàjẹ́. Gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, á kú fúnra rẹ̀."

Ọjọ́ tí mo mu ún, ọ̀sán ti ń rọlẹ̀. Sabina, opó tí ilé rẹ̀ fara kan ahéré àwọ̀n mi, ti yan ẹja rẹ̀ tán, ó ń da omi sí ààrò. Mo dúró tì í, mo gbọ́ bí ẹyín iná ṣe ń dún títí tó fi kú. Ó gbé ẹja rù, ó ní, "Japhet, Rẹ̀mí ń sùn nínú ilé. Bá mi fetí sí i, mò ń lọ ta èyí ní Onípanu." Mo ní kó máa lọ. Bó ṣe lọ tán, mo wọ ahéré, mo ti ilẹ̀kùn, mo rọra ń mu sìgá bí ọba. Mo gbàgbé ọmọ. Nígbà tí sìgá náà ku díẹ̀, mo gbé e jẹ́ẹ́ sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, mo lọ sí etí ọ̀sà láti fọ ẹnu kí ìyàwó mi má baà gbọ́ òórùn. Ewé ọsàn ni mò ń jẹ lẹ́nu nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn. Iná ti gba imọ̀ ọ̀pẹ orí ahéré, ọyẹ́ sì ń fẹ́ ẹ lọ sílé Sabina. Mo sáré. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó ń pe ìyá rẹ̀. A kò lè wọlé.

Lọ́jọ́ kejì àwọn àgbà jókòó. Gbogbo ènìyàn sọ pé ààrò Sabina ló fa iná náà. Sabina tọ́ka sí mi, ó ní, "Mo pa iná mi. Ẹ bi Japhet, ó dúró tì mí nígbà tí mo ń da omi sí i." Bàbá Adéjìmí, olórí wa, yíjú sí mi: "Ṣé o rí i?" Ẹnu tí mo fi ń kọrin ìyìn ni mo fi dáhùn pé, "Rárá, sà, n kò rí i." Ẹ ṣépè fún mi bí ẹ bá fẹ́. Sabina wò mí.

Kí Sabina tó kó kúrò ní Ìlàjẹ, ó wá bá mi nílé. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Japhet, ó lè jẹ́ pé omi tí mo dà kò tó. Ó lè jẹ́ pé n kò tilẹ̀ dà á rárá, pé ojú ló tàn mí. Àwọ̀n rẹ jóná nítorí mi. Dárí jì mí." Èmi ìkà ènìyàn, mo ní, "Ó ti tán." Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní ó wà ní etíkun lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, kì í sì í dá iná mọ́, àfi kí wọ́n bá a se oúnjẹ. N kò lè rìn mọ́. N kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ gbé ọkọ̀, ẹ lọ bá a kí n tó kú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ sọ fún un pé ó da omi sí i, pé omi náà tó, pé mo rí i.