Fọ́láǹ Tó Ń Mì, àti Bí Olúwa Ṣe La Ẹnu Mi Níwájú Àna

Ọpẹ́ mi ni fún Ọlọ́run tó fi ìbínú gba ẹ̀mí là. Ẹ̀yin àgbà ìjọ Pobẹ̀, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ kí n dìde lónìí. Wọ́n ní ẹni tó bú àna rẹ̀ ní gbangba, kí ó kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀ kí ó tó wá jẹ́rìí. Èmi yóò jẹ́rìí. Ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore tó sì pa á mọ́ sínú, kí ni ìyàtọ̀ òun àti olè?

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Dáníẹ́lì ọmọ Igana. Mi ò kàwé; ọwọ́ mi yìí tóbi fún kálámù, mo sì tètè jẹ́ kí olùkọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n láti Pobẹ̀ títí dé Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bí èmi. Nígbà tí òyìnbó tó ń ra èkùrọ́ níbí ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, gbogbo àwọn akọ̀wé ìlú ló fẹ́ ra ọkọ̀ rẹ̀. Èmi ló tà á fún. Ó ní òun ti rí bí mo ṣe ń wakọ̀. Mo kan pákó sẹ́yìn rẹ̀, mo ta tapólì bò ó, mo fi ń kérò. Òun ni ọkọ̀ míl-kílò, ẹlẹ́gbẹ̀rún kílò, tí gbogbo yín ń gùn, tí ẹ sì ń sọ pé ó ti gbó.

Ó ti gbó lóòótọ́, mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ohun tó yọ mí lẹ́nu lára rẹ̀ ni fọ́láǹ, kẹ̀kẹ́ tí awakọ̀ ń dì mú, tí àwọn ará òdìkejì ààlà ń pè ní sitiárì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tí mo bá yí i sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á kọ́kọ́ rò ó wò, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú láti lọ, kí ó tó yà. Ojú ọ̀nà á tọ́ gbọọrọ, ọwọ́ mi á máa lọ, á máa bọ̀. Awakọ̀ mìíràn ì bá ti kó yín sínú kòtò. Èmi ló mọ̀ ọ́n tù.

Ẹni tó ń tún un ṣe wá ni ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, Bùráímọ̀, mẹkaníísíẹ̀n ní Sakẹ́tẹ́. Mùsùlùmí ni, èmi jẹ́ Kristẹni, ẹ má fi ìyẹn kún un o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ àna ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́yàwó ní Sakẹ́tẹ́, ẹ mọ ìyà tí mò ń wí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ohun tí wọ́n sì bá ọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu wo lo fẹ́ fi sọ pé kò dára? Ó kọ́kọ́ ṣí ìdérí fèrè tó wà láàárín fọ́láǹ, ó fún ìdè abẹ́ rẹ̀ le. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Kí n tó padà dé Pobẹ̀, ó ti ń mì. Mo tún lọ. Ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó tún mì. Ó gé agolo wàrà pẹlẹbẹ, ó fi há àárín irin. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Gbogbo ìgbà náà ni ó ń sọ pé, "Àna mi, ó ti parí, máa lọ." Inú mi ń hó, ẹnu mi sì ń sọ pé ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

Mo gbé e lọ bá mẹkaníísíẹ̀n kan níhìn-ín ní Pobẹ̀. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Ọwọ́ ta ló wà tẹ́lẹ̀?"

Mo ní ọwọ́ Bùráímọ̀ ará Sakẹ́tẹ́.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá kan ló kọ́ èmi àti òun níṣẹ́. Mi ò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi í sílẹ̀, kí o gbé e wá."

Ẹ wo irú ayé yìí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fọwọ́ kàn án kò mọ̀ ọ́n. Mo wá bá ẹ̀yin àgbà ìjọ, kí ni ẹ wí? Ẹ ní, "Sùúrù, Dáníẹ́lì. A kì í já ọ̀rọ̀ lu àna lójú." Bàbá Ẹsẹkíẹ́lì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ má wolẹ̀.

Ni mo bá gba àdúrà lọ. Mi ò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní, Olúwa, tún ọwọ́ Bùráímọ̀ ṣe, tàbí kí o tú ahọ́n mi. Mo gbààwẹ̀ sí i, èmi tí mi ò lè fi ọwọ́ kan fọ́láǹ láìjẹ ẹ̀kọ.

Ó wá di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ lọ kọrin níbi ìkórè àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́. Wọ́n kún inú ọkọ̀ mi dẹ́múdẹ́mú. Ràfátù ìyàwó mi wà láàárín wọn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. A dé Sakẹ́tẹ́, mo sì yà kí àwọn àna mi, nítorí ta ló ń gba iwájú ilé àna kọjá láìyà? Fọ́láǹ ti burú ju ti ìṣáájú lọ lọ́nà. Bùráímọ̀ wá, ó fi wáyà lọ́ ọ, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ó ti parí." Ó wọlé lọ jẹun.

Mo dúró. Mo ní kí Ràfátù gbé ọmọ fún ẹnì kan, kí ó wá jókòó síbi awakọ̀, kí ó máa yí fọ́láǹ sọ́tùn-ún sósì. Èmi wọ abẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá Ẹ́sítà, ṣé kí n máa wà á lọ ni?"

"Yí i, kí o dákẹ́."

Ó yí i. Ẹ̀yin ará, òógùn bò mí. Àpótí irin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fọ́láǹ tó sì fi ń yí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀, òun gan-an ló ń jó. Àwọn búlọ́ọ̀nù tó dè é mọ́ egungun ọkọ̀ ti já, ọ̀kan péré ló ṣẹ́kù, egungun náà sì ti sán níbi tí ìyẹn dì mú. Orúnkún ń dun ènìyàn, Bùráímọ̀ ń fi òróró pa á lórí! Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Takon ló kù níwájú wa, níbi tí àwọn kamiọ́ọ̀nù elékùrọ́ ti ń gòkè bọ̀.

Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀. Bùráímọ̀ náà jáde, ó ń ta eyín.

"Àna mi, o ṣì wà níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wo abẹ́ rẹ̀."

"Kí n wo abẹ́ kí ni? Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ mi?"

"Ojú mi ni."

Àwọn ará ilé ti ń péjọ. Bàbá ìyàwó mi jókòó lórí ẹní níwájú ilé, ó ń wò wá. Ràfátù ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Láti inú ọkọ̀, Ìyá Ṣọlá tó ń dá orin fún ẹgbẹ́ pariwo pé òòrùn ń pa àwọn, ṣé ẹ̀rù ọ̀nà ń ba Dáníẹ́lì ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bùráímọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Kó àwọn ìyá yìí lọ, jàre. Ọmọ Igana, ẹ̀gẹ́ lẹ mọ̀, ẹ ò mọ irin."

Mo gbàdúrà kan níbẹ̀, kò gùn. Mo ní, Olúwa, nísinsìnyí. Ìbínú sì gòkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi wá. Mo mọ ìbínú ti ara, mo ti jà púpọ̀, kò sí ẹni tó dá mi rí. Èyí yàtọ̀. Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yìí, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bùráímọ̀, iṣẹ́ rẹ kò dára. Kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́ irọ́ ni mò ń dú fún ọ."

Mo pè é lórúkọ. Mo pè é ní ìwọ. Níwájú bàbá rẹ̀.

Ìyá Ṣọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ wo aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí. Àna rẹ̀ ló ń pè ní ìwọ." Kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀, mo ní tí kò bá sọ̀kalẹ̀, màá gbé òun àti pákó tó jókòó lé sọ̀kalẹ̀ pọ̀, ó sì mọ̀ pé agbára rẹ̀ wà lára mi.

Nígbà tí ẹni ìkẹyìn sọ̀kalẹ̀, Bùráímọ̀ já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ mi. "Dúró síbẹ̀ kí n fi ọkọ̀ wíwà hàn ọ́." Òun nìkan wọlé, ó gbéra. Níwájú, níbi igi àràbà, ọ̀nà yà sósì. Ó yí fọ́láǹ. Ọkọ̀ kò yà. Gbogbo wa la rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń yí i yí i bí obìnrin tó ń lọ ata, tí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ sì kọjú síwájú gan-an. Ọkọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀, ó wọ inú òkìtì èèpo èkùrọ́ tí àwọn oníṣòwò kó jọ síbẹ̀, ó rì dé ilẹ̀kùn, ó dúró. Ọlọ́run ló tẹ́ òkìtì yẹn. Èékánná kan kò ṣẹ́ lára Bùráímọ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó di fọ́láǹ mú.

Bàbá ìyàwó mi dìde lórí ẹní. Ó rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo ẹ̀yin ìyá tí ẹ dúró sójú ọ̀nà. Ó ní, "Dáníẹ́lì, pe àwọn ìyá yẹn wọlé, kí wọ́n jẹun." Ohun tó wí nìyẹn.

Lẹ́yìn tí a fa ọkọ̀ jáde, èmi àti Bùráímọ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, Ràfátù tún ń yí fọ́láǹ lókè. Bùráímọ̀ wò ó títí. Ó ní, "Gbé e lọ bá ẹni tó bá wù ọ́. Mo fi sílẹ̀." Mẹkaníísíẹ̀n Pobẹ̀ gbà á nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Wọ́n jó irin mọ́ ibi tó sán, wọ́n fi búlọ́ọ̀nù tuntun dè é. Lónìí, ìka kan péré ni mo fi ń yí fọ́láǹ, ọkọ̀ sì ń gbọ́.

Ìkórè Àjàṣẹ́ kọjá wa. Ẹ ṣì ń ráhùn lé mi lórí títí di òní. Inú ń bí mi sí ìyẹn náà. Ẹ ní kí n lọ bẹ Bùráímọ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó mi, nítorí mo pariwo nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ pé mo ṣẹ̀ nítorí mo ní iṣẹ́ kò dára? Ẹ má retí rẹ̀. Ẹni tí Olúwa la ẹnu rẹ̀ kò ní tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tó jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dákẹ́ nílé nítorí ìtìjú àna, tí nǹkan sì ń mì lábẹ́ yín, Ọlọ́run yóò bí yín nínú bó ṣe bí mi nínú.

Ògo ni fún un, èmi nìkan kọ́ ló gbà là. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ dìde. Ẹ dìde, mo ní, kí ìjọ rí yín lórí ẹsẹ̀ yín. Ràfátù tó pọn ọmọ, kí ó yí ẹ̀yìn sí wa, kí a rí ọmọ. Gbogbo ìjọ, ẹ bá wọn yọ̀. Ìyá Ṣọlá, ẹ̀yin tí ẹ pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ohùn yín ṣì wà lọ́fun yín. Ẹ dá orin.